Lífìtì ọkọ̀ nínú gáráàjì ilé: kí ni kí n wò kí n tó rà á?

OmoIjebu_Houston

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Mo fẹ́ ra lífìtì olópòó méjì, ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè, sínú gáráàjì ilé mi níhìn-ín ní Houston. Ọkọ̀ méjì la ní, Camry tèmi àti Sienna ìyàwó mi. Mi ò fẹ́ di mẹkáníìkì o. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa níbí láti pààrọ̀ bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì ló ti pọ̀ jù, ẹ̀yìn mi ò sì gbà á mọ́ kí n máa tẹ́ páálí sílẹ̀ kí n wọ abẹ́ ọkọ̀.

Gáráàjì ọkọ̀ méjì ni. Láti ilẹ̀ dé àjà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ínṣì 4. Ilẹ̀kùn ńlá ń ká lọ sábẹ́ àjà bó bá ṣí, ẹ̀rọ tó ń ṣí i sì so rọ̀ láàárín. Iná 240 wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fà fún ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Mi ò mọ bí kọnkéré ilẹ̀ ṣe nípọn tó. Lífìtì tí mo ń wò, wọ́n ní ó lè gbé 9,000 páùn. Ṣé kí n sanwó?

BabaSpana (Ìbàdàn)

Àbúrò, kú ìrònú. Mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe tipẹ́ kí n tó fojú kan lífìtì. Kòtò ni tiwa. Gbẹ́ ẹ kó gùn bí ọkọ̀, kó fẹ̀ tó èjìká ènìyàn, fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n yí ká, ṣe àtẹ̀gùn sí i ní ìpẹ̀kun kan. Kò jẹ iná, kò jẹ ọ́ílì, àjà rẹ ò sì kàn án. Owó lífìtì yẹn, fi ra spánà tó dáa.

Dapo_Enjinia (Dallas)

Ẹ̀gbọ́n BabaSpana, ẹ kú iṣẹ́ o, a ó padà sórí ọ̀rọ̀ kòtò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá OmoIjebu sọ̀rọ̀ kó tó kó owó lé e.

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ lọ wo ilẹ̀ gáráàjì yín, níbi ẹnu ilẹ̀kùn ńlá tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ṣé wọ́n tẹ nǹkan bíi "POST-TENSION SLAB, DO NOT CUT OR CORE" (má gé e, má lu ihò sí i) sínú kọnkéré? Ilẹ̀ amọ̀ pọ̀ ní Houston. Bí òjò bá rọ̀ ó máa wú, bí ọ̀dá bá dá ó máa súnkì, ilé á sì máa fọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ́lé fi máa ń ta okùn irin sínú kọnkéré kí wọ́n tó dà á. Tó bá ti le tán, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa okùn náà gírígírí, wọ́n á sì dè é mọ́ etí kọnkéré. Okùn kan ṣoṣo tí kò nípọn ju ìdajì ínṣì lọ, agbára tí wọ́n fi fà á tó 33,000 páùn. Bí dírìlì bá gé ọ̀kan, ó lè ta jáde láti inú ilẹ̀ kó ṣe ènìyàn léṣe, ilé yóò sì pàdánù ohun tó so ó pọ̀ níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ilẹ̀ ni pé lífìtì olópòó méjì kò ní ẹsẹ̀ mìíràn. Ọkọ̀ wà láàárín, òpó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìwúwo ọkọ̀ yóò máa fa orí òpó wá sínú, àwọn bóòtù tó wà lẹ́yìn òpó ni yóò máa fà á padà. Bí bóòtù bá tú kúrò nínú kọnkéré, kò sí ohun tó kù. Ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ lífìtì báyìí wá máa ń béèrè kọnkéré tó nípọn tó ínṣì 4 ó kéré tán, àwọn mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí agbára rẹ̀ tó 3,000 psi (páùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan), tó sì ti lo ọjọ́ 28 kó gan dáadáa. Wọn kì í fẹ́ kí bóòtù súnmọ́ ibi tó ti sán tàbí etí kọnkéré. Bí ó bá jẹ́ kọnkéré lásán, ihò kékeré kan ti tó láti fi mọ bó ṣe nípọn tó. Tó bá jẹ́ post-tension, ẹ má lu ihò kankan.

OmoIjebu_Houston

Ó wà níbẹ̀ gbangba, ẹ̀gbọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn?

Dapo_Enjinia (Dallas)

Kò tíì parí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi rádà wo inú kọnkéré, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ilà síbi tí okùn kọ̀ọ̀kan gbà. Lẹ́yìn náà ni ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí yóò sọ bóyá ẹ lè lu ihò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn yín ló ń pinnu ibi tí òpó máa dúró, okùn ò sì mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ẹ lè sanwó rádà tán kí wọ́n sọ pé àyè kan ṣoṣo tó yẹ òpó ni okùn méjì gbà kọjá. Èmi ò ní lu ilẹ̀ yẹn.

TundeBmore

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti yé wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò àjà, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo 9,000 páùn tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà. Sienna ò ju bí 4,500 páùn lọ.

Àjà yín jẹ́ ínṣì 112. Sienna ga tó bí ínṣì 70. Ibi tí apá lífìtì (irin tó na jáde lára òpó) ti ń gbé e fi bí ínṣì 8 ga sílẹ̀, tó túmọ̀ sí pé láti ibẹ̀ dé orí ọkọ̀ jẹ́ 62. Ẹ fi ínṣì 3 sílẹ̀ kí orí ọkọ̀ má kan àjà. Ó ku 47. Ìyẹn ò tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ ò lè dúró lábẹ́ rẹ̀, ìjókòó ni. Ti Camry sàn díẹ̀ torí ó ga tó bí 57, abẹ́ rẹ̀ máa dé bí ẹsẹ̀ bàtà 5.

Èyí sì jẹ́ bí ilẹ̀kùn gáráàjì bá wà ní títì. Bó bá ṣí, ó ti tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ àjà, ẹ ti pàdánù bí ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtúnṣe rẹ̀ wà: wọ́n lè gbé irin tí ilẹ̀kùn ń gbà lọ sókè kó fi lẹ̀ mọ́ àjà, kí wọ́n sì yọ ẹ̀rọ àárín, kí wọ́n fi èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípìríìnì ilẹ̀kùn rọ́pò rẹ̀. Èmi ṣe é. Ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ fi owó rẹ̀ kún owó lífìtì kí ẹ tó máa sọ pé lífìtì ò wọ́n. Ohun mìíràn tí ẹnìkan ò sọ fún mi ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Sienna. Bí ẹ bá ti gbé e sókè, ẹ ò lè ṣí i mọ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́ mú níbẹ̀, ẹ tètè mú un.

Lífìtì tó ní irin ìdábùú lókè tó so òpó méjèèjì pọ̀ kò ṣeé ronú kàn fún yín rárá, òpó ìyẹn máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 11 tàbí 12. Èyí tí okùn irin tó so òpó rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ń gba ilẹ̀ kọjá nìkan ló lè wọ àjà yín.

SegunIbafo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ya bọ inú ọ̀rọ̀. Èmi náà fẹ́ ọ̀kan fún ilé mi, ní Ìbàfò. Àjà ò dà mí láàmú torí abẹ́ páànù ni mo máa gbé e sí, mo lè gbé páànù ga bó ṣe wù mí. Jámánì flóò ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ṣé ó lè gbé e?

BabaSpana, ẹ̀gbọ́n mi, ní ti kòtò: níbi tí mo wà, omi ò jìn sílẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò lóṣù kẹfà, ẹ ti gbẹ́ kànga.

BabaSpana (Ìbàdàn)

😂 Orí òkè la wà ní tiwa, Ṣẹ́gun. Kòtò wa gbẹ.

Dapo_Enjinia (Dallas)

Ó kù díẹ̀ lórí kòtò, kí n má gbàgbé. Gáàsì tó ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè, ìsàlẹ̀ ló ń wá, inú kòtò ló sì máa kó jọ sí níbi tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wà. Gílóòbù kan tó bá fọ́ níbẹ̀ ti tó láti dá iná sílẹ̀. Nínú gáráàjì Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ń gbóná omi pẹ̀lú gáàsì sábà máa ń wà nínú gáráàjì kan náà, iná rẹ̀ ń jó. Ká tiẹ̀ gbé gbogbo ìyẹn tì, ẹni tó bá gbẹ́ kòtò sínú ilẹ̀ post-tension ti gé gbogbo okùn tó yẹ kó sá fún.

BabaSpana (Ìbàdàn)

Ọ̀rọ̀ pẹtiróòlù yẹn, òótọ́ ni. Àwa kì í tú táǹkì epo lórí kòtò. Ẹni tó bá fẹ́ tú táǹkì, kó wa ọkọ̀ rẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ń kọ́ṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́.

Dapo_Enjinia (Dallas)

Ṣẹ́gun, Jámánì flóò ò tó. Ohun tí wọ́n tẹ́ nítorí kí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀ ni, kì í sábà ní irin nínú, bíríkìlà míì sì máa ń fi sìmẹ́ńtì pamọ́ sápò ara rẹ̀. Má da owó kún gbogbo ilẹ̀ o. Gé ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan máa dúró, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 4 ní òró. Gbẹ́ ẹ kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá rọ̀, gbẹ́ títí wàá fi kan ibi tó le, kí o sì fi òkúta kún un padà. To rọ́ọ̀dù Y12 sí i nísàlẹ̀ àti lókè, kí o dà á pẹ̀lú sìmẹ́ńtì 42.5, ní ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ máa fi tó 3,000 psi. Omi tí wọ́n fi ń pò ó ni kó o ṣọ́. Wọ́n fẹ́ràn kí ó ṣàn kó lè rọrùn láti tẹ́, bẹ́ẹ̀ omi àpọ̀jù ló ń sọ kọnkéré di yẹpẹrẹ. Dúró tì wọ́n. Lẹ́yìn náà, fi àpò tútù bò ó, máa bu omi wọ́n ọn fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, má sì lu ihò bóòtù títí ọjọ́ 28 yóò fi pé. Ohun tó bá wà nínú ìwé lífìtì tí o rà lo máa tẹ̀ lé bí ó bá ju èyí lọ.

Ó dára kí méjèèjì dọ́gba, kí ọ̀kan má ga ju èkejì lọ. Bí òpó kan bá fi díẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Má fi igi.

KemiGarage (Èkó)

Ṣẹ́gun, béèrè iná pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ lífìtì tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé, ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti tú u, fésì mẹ́ta ni ẹ̀rọ tó ń fa ọ́ílì rẹ̀ ń lò. Wo páálí irin kékeré tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí fóòtì 380 tàbí 400 níbẹ̀, tí fésì kan ṣoṣo sì ni ilé yín ní, ẹ ti ra irin àlòkù nìyẹn, àfi kí ẹ wá ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí tó ń lo fésì kan máa ń tó kílówáàtì 2.2, bó bá sì ń gbéra, iná tó ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé e o. Kó má ti ibẹ̀ jóná.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí torí kò sí nínú ìwé ọjà kankan. Lífìtì ní eyín irin nínú òpó. Bí ọkọ̀ bá ti dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kó jókòó lórí eyín náà, kó má ṣe jẹ́ pé ọ́ílì tó ń tì í sókè ló gbára lé. Bó ṣe yẹ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ kó tó jókòó lórí eyín. Àmọ́ láti gbé e kúrò lórí eyín kó tó sọ̀kalẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀ sí i. Iná ló ń gbé e. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ yín ò sì lágbára, òkè ni ọkọ̀ yóò wà títí iná yóò fi dé. Lílọ sí ìgbéyàwó pẹ̀lú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà ti di àlá. Àwọn kan ń ta pọ́ǹpù tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, ó yẹ kéèyàn ní in.

SegunIbafo

Àǹtí Kẹ́mi, ẹ ṣé gan-an. Ẹni tó fẹ́ ta á fún mi sọ pé "iná ilé ló ń lò" ni, kò tíì fi àwòrán páálí irin yẹn hàn mí. Ní báyìí mo ti mọ ohun tí màá béèrè.

AdunniPeckham

OmoIjebu, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òpó méjì dà yín láàmú. Iṣẹ́ wo gan-an lẹ fẹ́ ṣe? Bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì, ọ́ílì. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, gáráàjì ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ní, ó fúnpọ̀, àjà rẹ̀ wálẹ̀, òpó méjì ò tilẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo ń lò ni irin gbọọrọ méjì tí wọ́n ń tì sábẹ́ ọkọ̀ lápá méjèèjì, irú QuickJack. Pọ́ǹpù kan ló ń gbé méjèèjì, ó máa gbé ọkọ̀ tó bí ínṣì 20, ó ní eyín tirẹ̀, ẹ ò sì lu ihò kankan. Bí mo bá ṣe tán, mo gbé e ti ògiri. Fún bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì, táyà á wà níwájú àyà mi bí mo bá jókòó. Kí lèèyàn tún ń wá?

Ẹ tún rántí pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ láti tún ọkọ̀ wọn ṣe, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Níbí, òfin LOLER ti 1998 ló de ohun tí wọ́n fi ń gbé ẹrù níbi iṣẹ́, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lásìkò-lásìkò kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní tiyín, ẹ pe àwọn tó ń ṣe ìnṣọ́ránsì ilé yín àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kí lífìtì tó dé, kó má jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

TundeBmore

Àǹtí Àdùnní, mo gbà fún bíréèkì. Ṣé ẹ rántí pé ọ̀gbẹ́ni yìí sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun? Ínṣì 20, orí páálí ló ṣì máa sùn láti tú ọ́ílì.

AdunniPeckham

Pákó oníkẹ̀kẹ́ wà, kì í ṣe páálí mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́, ó ṣì jẹ́ ìdùbúlẹ̀.

OmoIjebu_Houston

Gbogbo yín lẹ ṣe é. Kí ló dé tí ẹnìkan ò tíì dárúkọ olópòó mẹ́rin? Mo rò pé ti àwọn tó ń to ọkọ̀ lé ara wọn ni.

Dapo_Enjinia (Dallas)

Òun gan-an ló kàn tí mo fẹ́ sọ. Olópòó mẹ́rin ń dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ọkọ̀ á gun orí pákó irin méjì, òpó mẹ́rin á sì pín ẹrù láàárín ara wọn. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún ilé kò nílò bóòtù nílẹ̀. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: Sienna 4,500, lífìtì fúnra rẹ̀ bí 2,000, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé bí 1,600. Táyà Sienna kọ̀ọ̀kan ti ń tẹ ilẹ̀ yẹn pẹ̀lú bí 1,100 lójoojúmọ́. Ilẹ̀ yín ò ní rí nǹkan tó ṣàjèjì sí i. Ẹ kàn fi irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹrù lè tàn ká. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá irú tiwọn gba kó dúró láìsí bóòtù, kí ó sì wà nínú ìwé rẹ̀.

Àlébù rẹ̀: orí táyà ni ọkọ̀ jókòó lé, nítorí náà bíréèkì àti ṣọ́ọ̀kì ò ṣeé ṣe bó ṣe wà. Ẹ máa ra jáàkì tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láàárín pákó méjèèjì, òun ló máa gbé táyà kúrò lórí pákó. Ẹ má ra lífìtì yìí láìra jáàkì yẹn. Owó rẹ̀ kì í sábà sí nínú iye tí wọ́n kọ síwájú.

Kí ẹ má sì retí láti to ọkọ̀ méjì lé ara wọn. Camry lórí Camry jẹ́ 114 kí ẹ tó ka pákó irin mọ́ ọn, àjà yín sì jẹ́ 112.

OmoIjebu_Houston

Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ ló máa wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà náà.

Ó dà bíi pé olópòó mẹ́rin pẹ̀lú jáàkì yẹn ni màá lọ fún. Mo ti wọn ìbú gáráàjì, ó gbà á, àmọ́ ọkọ̀ kejì máa há díẹ̀. Ìyàwó mi béèrè ìbéèrè kan tí mi ò ní ìdáhùn fún: kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí àwọn ọmọ bá lọ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ nígbà tí a ò sí níbẹ̀?

TundeBmore

Ẹ ní kí oníná fi súìṣì tó ṣeé fi àgádágodo tì sára ògiri, kó ga. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wà nínú gáráàjì àfi ẹ̀yin.

Kí ẹ tó rà á, ẹ wò bóyá ó ní àmì wúrà ALI, ti Automotive Lift Institute. Àmì yẹn ń sọ pé ẹni tí kì í ṣe olùtajà ti yẹ irú lífìtì náà wò. Ojú-òpó wọn ní orúkọ gbogbo èyí tó yege, ẹ fi nọ́ńbà tiyín wé e. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n ní.

Pàtàkì kan kù: ilé ìkẹ́rù ni wọ́n sábà máa ń já a sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà yín. Ẹrù kan ṣoṣo tó tó bí tọ́ọ̀nù kan ni, ẹ wá tírélà kékeré, ẹ sì bẹ ọ̀rẹ́ tó lágbára.

BabaSpana (Ìbàdàn)

Ẹ jẹ́ kí èmi náà béèrè. Bí wọ́n bá fi tòkúnbọ̀ lọ̀ mí, kí ni kí n wò lára rẹ̀?

KemiGarage (Èkó)

Bàbá, okùn irin rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má fi ọwọ́ lásán fà á, ẹ fi àkísà nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí àkísà bá kọ́ níbì kan, fọ́nrán ti ń já níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ okùn yẹn kí ẹ tó gbé ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí okùn ń gbà kọjá bóyá ó ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lábẹ́ òpó bóyá ó ti sán. Ẹ gbé e sókè láìsí ọkọ̀, ẹ tẹ́tí sí eyín méjèèjì, ó yẹ kí wọ́n máa dún papọ̀. Tí ọ̀kan bá ń pẹ́ lẹ́yìn èkejì, okùn ò dọ́gba. Bí òpó méjì bá ni, ẹ rí i dájú pé apá rẹ̀ ń ti ara rẹ̀ pa bó bá ti kúrò nílẹ̀, kó má lè yí. Tí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ sí i, kó kàn gbé táyà kúrò nílẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ dúró, ẹ mi ọkọ̀ náà dáadáa. Bí yóò bá ṣubú, ibẹ̀ ni kó ti ṣubú.

BabaSpana (Ìbàdàn)

Tí mo bá wá fẹ́ sọ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tó wà lórí òpó méjì kalẹ̀ ńkọ́?

KemiGarage (Èkó)

Iwájú á fúyẹ́, ẹ̀yìn á sì wúwo, ọkọ̀ lè fi ìdí lé ilẹ̀. Ẹ gbé stand gíga, irin tó ń gbé ọkọ̀ ró, sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó tú bóòtù ẹ́ńjìnì kankan.